Ohùn Àbúrò Mi Nínú Okùn Dígí

Lónìí, wọ́n fẹ́ fi ohùn àbúrò mi àti eré bọ́ọ̀lù sínú okùn dígí tín-ín-rín kan ṣoṣo, èyí tó ń gbé tẹlifóònù àti tẹlifíṣàn wọlé.

Àìsàn ti bá ohùn náà jà ní Ìkàrẹ́, níbi tí àbúrò mi ń gbé. Wúyẹ́wúyẹ́ ló kù. N kò fẹ́ kí ó sọnù sínú okùn.

Mo bi obìnrin tó wá so okùn náà nílé mi ní Ọ̀kà: "Ṣé tẹlifóònù àti tẹlifíṣàn kò ní dàrú mọ́ra?"

"Rárá, Mà. Ìmọ́lẹ̀ ló ń gbé wọn. Kálukú ní àwọ̀ tirẹ̀."

Bọ́ọ̀lù ń lọ lọ́wọ́ lórí tẹlifíṣàn. Mo pe àbúrò mi, mo kígbe orúkọ rẹ̀.

"Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ rọra. Ọ̀fun ló ń dùn mí, kì í ṣe etí."

Ó dún kedere. Mo rí ohùn náà lọ́kàn mi, aláwọ̀ aró, tó ń gba abẹ́ òkúta Àkókó bọ̀.

Ẹ̀yin ọ̀rẹ́, àwọ̀ wo ni ohùn ẹni tí ẹ fẹ́ràn ní?