Ọdún tí Ọparun Ìyá Wa Yọ Òdòdó

Ohun kan ń rọ̀ sórí páànù wa wínníwínní bí òjò, bẹ́ẹ̀ inú ọ̀gbẹlẹ̀ la wà. Mo jáde síta láàárọ̀ ọjọ́ náà, mo gbójú sókè: èso ọparun ló ń já bọ́, tín-ín-rín bí ìrẹsì tí a kò tíì bó èèpo rẹ̀. Nyanya, lẹ́gbẹ̀ẹ́ olú-ìlú wa, là ń gbé nígbà náà, létí odò kékeré kan, mo sì ń wọ bọ́ọ̀sì lọ síbi iṣẹ́ ìjọba láàárín ìlú. Ìyá mi ló wú ọmọ ọparun náà fún mi ní ẹ̀yìnkùlé rẹ̀ ní Èkìtì kó tó dolóògbé, pé kí n gbìn ín sétí odò, kí ọ̀gbàrá má baà gbé ilé mi lọ. Ó sì di ilẹ̀ náà mú ṣinṣin. Ṣùgbọ́n lọ́dún yẹn ó da gbogbo ewé sílẹ̀, ó yọ òdòdó wúruwùru lórí gbogbo ọ̀pá, àtàgbà àtọmọdé, ó wá ń gbẹ.

Èmi ò tilẹ̀ mikàn. Àwọn àgbà kúkú ti wí pé bí ọ̀gẹ̀dẹ̀ bá kú, ọmọ rẹ̀ la fi ń rọ́pò. Mo ń ṣọ́ ìdí rẹ̀ bí òṣìṣẹ́ ìjọba ṣe ń ṣọ́ ìparí oṣù. Ọmọ ò yọ. Èyí tó ti yọ tẹ́lẹ̀ náà tẹ̀lé ìyá rẹ̀ lọ. Ni mo bá pe ẹ̀gbọ́n mi obìnrin, tó ń gbé ilé ìyá wa.

"Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ bá mi wú ọparun díẹ̀ sílẹ̀, mò ń bọ̀ wá mú un. Tèmi ti yọ òdòdó, ó sì ń kú."

"Àbúrò, ta ló sọ fún ẹ?"

"Sọ kí ni?"

"Pé tiwa náà yọ òdòdó. Ọ̀dọ̀ rẹ ni mo fẹ́ ti wá wú òmíràn!"

Òjò tiwọn kì í ṣe òjò tiwa, ilẹ̀ wọn kì í ṣe ilẹ̀ wa. Ta ló ránṣẹ́ sí ọmọ ọparun lọ́dọ̀ mi pé ìyá rẹ̀ ní Èkìtì ti ń lọ? Ẹni tó dàgbà jù ládùúgbò wọn ní òun ò rí irú rẹ̀ rí látọjọ́ tóun ti dáyé.

Mo wá bẹ̀rẹ̀ sí í bẹ̀rù òjò tí àwọn ará ilé mi ń retí. Bí gbòǹgbò wọ̀nyẹn bá jẹrà, ẹ̀yìnkùlé ni odò yóò kọ́kọ́ gbé, lẹ́yìn náà ilé.

Òjò dé. Koríko wẹ́wẹ́ bo abẹ́ òkú ọparun, mo sì gbé ọkọ́, nítorí mi ò lè rí koríko kí n fi í sílẹ̀. Ìyàwó mi, tó ń sá aṣọ, fa ẹyọ kan tu, ó sì kígbe: "Dádì, ẹ dúró! Ẹ wo èèpo tó wà nídìí rẹ̀. Èso orí páànù ló hù yìí o!"

Mo ju ọkọ́ nù. Lọ́dún náà ọ̀gbàrá wá, ó bá òkú gbòǹgbò lẹ́nu odò, ó yà. Òkú ló ń di ilẹ̀ mú kí ọmọ-ọwọ́ lè ráyè dúró. Mo wò ó títí.

Mo tún pe ẹ̀gbọ́n mi. Obìnrin tí koríko kì í sùn lẹ́yìnkùlé rẹ̀! Ó ti ro èyí tó hù lọ́dọ̀ tirẹ̀ mọ́ koríko, ilẹ̀ ti mọ́ tónítóní.

"Àbúrò, àfi bí ẹni pé mo tún ìyá wa sin lẹ́ẹ̀kejì."

Mo kó ọmọ ọparun sínú ike ọ̀dà, mo wọ ọkọ̀ ní gáréèjì Jabi, mo gbé e lé itan. Èrò kan wò ó, ó ní, "Bàbá, ṣé ìrẹsì ti wọ́n débi tẹ́ ẹ fi ń gbé oko rẹ̀ kiri ni?" Gbogbo ọkọ̀ rẹ́rìn-ín. Nígbà tí mo dé ilé ìyá wa ní Èkìtì, ẹ̀gbọ́n mi fi ọwọ́ méjèèjì gba ike náà, bí a ṣe ń gba ọmọ tuntun.

Ó ti pẹ́. Ọparun ti ga lọ́dọ̀ rẹ̀, ó ti ga lọ́dọ̀ mi. Wọn ò jọra wọn bíi tàwọn ti ìjọ́sí, tí gbogbo wọn jẹ́ ara kan náà: ọ̀kan sanra, ọ̀kan rí pẹ́lẹ́ńgẹ́, òmíràn tẹríba bí ẹni tó ń kí àgbà. Mo máa ń jókòó sábẹ́ wọn nírọ̀lẹ́, mo ń wò wọ́n. Ojú tí yóò rí òdòdó wọn, a ò tíì bí i. Síbẹ̀, ọjọ́ òdòdó náà ti wà nínú wọn.