Ààrò Àdìzát ní Ojú Títì

Nígbà tí ogun Hítílà parí, tí ọjà obì sì ń tà wàràwàrà, Mùkáílà olóbì pinnu pé òun náà á kọ́ pẹ̀tẹ́ẹ̀sì sí Ọ̀tà. Ó mú Jìbírílù, bíríkìlà tó kọ́ṣẹ́ ní Èkó, wá sílé, ó ní kí ó kọ́ ilé tí ẹnikẹ́ni ò ní kọjá kó má wò.

Jìbírílù kọ́ ọ lóòótọ́. Àwọn òpó ńláńlá dúró síwájú ilé, òdòdó sìmẹ́ńtì lórí ọ̀kọ̀ọ̀kan. Ṣùgbọ́n nígbà tí Àdìzát, ìyáálé ilé, béèrè ibi tí àwọn á ti máa dáná, abẹ́ àtẹ̀gùn ni wọ́n mú un lọ. Ihò dúdú kan ni. Wọn ò fi fèrèsé sí i, nítorí ara ògiri iwájú ló wà, èéfín á sì ba àwọn òpó jẹ́. Àdìzát ga, àfi kó tẹ̀ kó tó lè dúró ti ìkòkò.

"Àgbàlá ńkọ́?" ló bi Jìbírílù.

"Ìyá Láwàlì, ayé àgbàlá ti kọjá. Ilé ìgbàlódé lèyí."

Àdìzát wo ọkọ rẹ̀. Òdòdó sìmẹ́ńtì ni ìyẹn ń wò.

Ọmọ àgbẹ̀ ni Àdìzát, láti abúlé kan lọ́nà Ìyẹsí. Láti kékeré ló ti ń ru agbọ̀n obì wọ Ọ̀tà, ẹrù tí ọkùnrin mìíràn ń sá fún. Kì í pariwo, ṣùgbọ́n bí ó bá ti ní bẹ́ẹ̀ kọ́, bẹ́ẹ̀ kọ́ náà ni. Ó fara da ihò yẹn títí òjò fi bẹ̀rẹ̀, tí igi ìdáná fi tutù. Nígbà náà ni èéfín wá ń gba àtẹ̀gùn gòkè, tí gbogbo ilé ń wúkọ́.

Ní ọ̀sán ọjọ́ kan, Ràfátù, ìyàwó kékeré, tó lóyún, wà nídìí iná. Òòyì kọ́ ọ, ó ṣubú, ọbẹ̀ gbígbóná sì dà sí i lẹ́sẹ̀. Àdìzát ló wọ́ ọ jáde. Oyún kò bàjẹ́, ṣùgbọ́n ẹsẹ̀ bó.

Bí Mùkáílà ti wọlé, Àdìzát ò tilẹ̀ jẹ́ kó jókòó.

"Baba Láwàlì, ẹ fọ́ ògiri yẹn, kí ẹ fi fèrèsé sí i."

"Ògiri iwájú ilé mi? Kí èéfín máa jáde síbi tí àlejò ń gbà wọlé?"

"Ràfátù ì bá ti kú."

"Kò kú. Ẹ máa ṣọ́ra."

Ọ̀rọ̀ yẹn dun Àdìzát ju ẹsẹ̀ Ràfátù lọ. Nígbà tí ilẹ̀ mọ́, ó ru ààrò rẹ̀ síta, ó tò ó sáàárín àwọn òpó, ó gbé ìkòkò tó tóbi jù kaná. Ràfátù fi aṣọ di ẹsẹ̀, ó jókòó tì í, ó ń bẹ iṣu. Èéfín ń rú lu òdòdó sìmẹ́ńtì. Àwọn tó ń lọ sọ́jà dúró wòran.

"Àdìzát! Ṣé o fẹ́ dójú tì mí ni?" ni Mùkáílà kígbe.

"Ṣé ojú ń tì yín kí ayé rí ibi tí oúnjẹ yín ti ń wá?"

Mùkáílà ránṣẹ́ sí ẹ̀gbọ́n rẹ̀, Àmọ̀dá, kó wá bá òun lé obìnrin náà wọlé. Àdìzát kúnlẹ̀ kí àgbàlagbà náà, kò sì dìde.

"Ìyàwó, kó ààrò rẹ wọlé. Ọkọ ni olórí."

"Mo gbọ́, Bàbá. Ẹ jẹ́ kí olórí jókòó sínú ihò yẹn nígbà tí iná bá ń jó, títí ọbẹ̀ á fi jiná. Bó bá ṣe é, mo máa wọlé."

Mùkáílà fò sókè. "Ṣé obìnrin ni mí ni?"

"Èéfín ò mọ akọ, kò mọ abo."

Àmọ̀dá wo àbúrò rẹ̀ títí, ó sì gbé fìlà rẹ̀ dé. "Èmi ò rí ẹjọ́ dá níbí," ló wí, ó bá tirẹ̀ lọ.

Síbẹ̀ Mùkáílà ò fọ́ ògiri. Nígbà tó di Jímọ̀, tí àwọn ọkùnrin wà ní mọ́ṣáláṣí, Àdìzát mú dígà, ó dojú kọ ògiri náà. Ọwọ́ rẹ̀ bó, kò dúró. Ràfátù ń kó òkúta kúrò nílẹ̀. Kí Mùkáílà tó dé, oòrùn ti wọ abẹ́ àtẹ̀gùn.

"O ti ba ilé mi jẹ́."

"Ilé wa ni," ni Àdìzát wí, eruku funfun báláú nínú irun rẹ̀.

Mùkáílà ò bá a sọ̀rọ̀ títí Ramadáànì fi wọlé. Ṣùgbọ́n kò dí ihò ara ògiri náà. Káfíńtà wá, ó fi fèrèsé sí i. Fèrèsé náà wọ́ díẹ̀, kò sì jọ àwọn yòókù. Títí Mùkáílà fi kú, bí àlejò bá bi í, á ní káfíńtà ló ṣe àṣìṣe. Bí Àdìzát bá wà nítòsí, á gbé orí sókè.

"Irọ́ ni o. Èmi ni mo lu ihò yẹn."