Fèrè Bàbá Adéníran àti Ìlù Inú Ẹ̀rọ

Bí irọ́ bá wà nínú ohun tí mo fẹ́ sọ yìí, kí etí mi méjèèjì di, kí n má gbọ́ rédíò mọ́ láyé. Òótọ́ pọ́ńbélé ni. Mo wà níbẹ̀, ọwọ́ mi gan-an sì wà nínú rẹ̀.

Lọ́dún 1991, Julius, olórin kan tó jẹ́ ọ̀rẹ́ mi, ń gbé yàrá kan àti pálọ̀ ní Àgùdà. Ó ti sọ pálọ̀ di ilé ìgbohùnsílẹ̀: ẹ̀rọ ìlù kan tí kò tóbi ju Bíbélì lọ, kíbọ́ọ̀dù, àti ẹ̀rọ kásẹ́ẹ̀tì tó ń gba ohùn mẹ́rin lọ́tọ̀ọ̀tọ̀. Èmi ni mò ń tún wọn ṣe. Kò sẹ́ni tó kọ́ mi níṣẹ́ rédíò o. Ní Mushin, wọ́n ní bí mo bá súfèé sí rédíò tó ti kú, á dìde.

Bàbá rẹ̀, Adéníran, fọn tìrọ́ńpẹ́ẹ̀tì fún ọgbọ̀n ọdún ní Èbúté Mẹ́ta, àmọ́ wọn ò gba fèrè rẹ̀ sílẹ̀ rí. Ohun kan ṣoṣo tí Bàbá ń fẹ́ ni kó gbọ́ ara rẹ̀ nínú kásẹ́ẹ̀tì kó tó kú. Julius ṣèlérí pé òun á da fèrè náà pọ̀ mọ́ ìlù inú ẹ̀rọ, bí orin ṣe wà lóde nígbà náà.

Lọ́jọ́ náà, Julius na íàfóònù sí i. "Bàámi, ẹ fi sétí, kẹ́ ẹ lè máa tẹ̀ lé ìlù."

"Kí ẹ̀rọ máa pàṣẹ fún mi? Ọmọ ọjọ́ mélòó ni?"

Ẹsẹ̀ ọ̀tún Bàbá ni gbogbo ẹgbẹ́ wọn ń tẹ̀ lé látijọ́. Ó ti íàfóònù sẹ́yìn; láìsí ìlù, ó ń fi bàtà aláwọ kilẹ̀, ó ń fọn fèrè, ẹ̀rọ ń gbà á sílẹ̀. Hẹ̀ẹ̀! Aláǹgbá méje ló já lára ògiri. Wọ́n gbọ́ ọ dé Iganmu.

Ọ̀sẹ̀ méjì lẹ́yìn náà, àrùn rọpárọsẹ̀ kọ lu Bàbá, ẹnu rẹ̀ wọ́ sápá kan. Fèrè fífọn parí.

Ni Julius bá tan ìlù sí fèrè tó ti gbà sílẹ̀. Wàhálà dé! Máíkì ti gba ẹsẹ̀ Bàbá mọ́ fèrè, kò sì sí bá a ṣe lè yọ ọ́. Bí inú Bàbá bá dùn, ẹsẹ̀ a yára. Bí èémí bá tán, ẹsẹ̀ a dúró dè é. Ẹ̀rọ kì í dúró de ẹnì kan. Nígbà tó fi máa di ìlà kẹta, ó ti dà bí ọmọ odó méjì tó ń jà nínú odó kan.

"Ẹ̀gbọ́n, ẹ gbà mí. Ojoojúmọ́ ni Bàbá ń béèrè."

"Ta lo rò pé ò ń bá sọ̀rọ̀?" Mo sọ̀yà.

Mo tú ẹ̀rọ kásẹ́ẹ̀tì, mo wá síkírù tó ń darí bí téèpù ṣe ń yára yí. Ẹsẹ̀ sáré, mo dẹ̀ ẹ́; ẹsẹ̀ falẹ̀, mo yí i le. Igba ìgbà la dá kásẹ́ẹ̀tì padà sẹ́yìn. Lọ́jọ́ kẹsàn-án, ẹsẹ̀ bá ìlù dọ́gba. Julius gba gbogbo rẹ̀ sínú kásẹ́ẹ̀tì mìíràn, a tẹ̀ ẹ́ fún Bàbá.

Àṣé bí mo ṣe ń yí síkírù, bẹ́ẹ̀ ni ohùn fèrè ń lọ sókè sódò bí igbe ewúrẹ́. Ìlù nìkan ni mo tẹ́tí sí.

"Ta... ni?" Ahọ́n Bàbá wúwo.

"Ẹ̀yin ni, Bàámi."

Ó mi orí. "Rárá o. Mi ò mọ̀ ọ́n."

Julius sáré gbé kásẹ́ẹ̀tì àkọ́kọ́, kí Bàbá lè gbọ́ fèrè nìkan láìsí ìlù. Kásẹ́ẹ̀tì ti gbó. Ẹ̀rọ jẹ ẹ́ lójú wa, ó fa téèpù jáde bí ìfun adìẹ, ó já a wẹ́lẹwẹ̀lẹ. Julius kó o sọ́wọ́, ó ń wò mí. Mo wo ilẹ̀. Bàbá yíjú sógiri.

Ẹni tó bá ní mo fi iyọ̀ sí i, kó lọ bá Sìmíátù, ìyàwó Julius. Ó ṣì ń gbé Àgùdà. Òun ló gbé Bàbá jókòó lọ́jọ́ náà.