Àwọn Ará Kòríà Ni Bàbá Mi Ń Sunkún Fún

Ẹ̀yin èèyàn mi, ẹ jókòó dáadáa kí n tú inú mi síta. Láti ọjọ́ Iléyá ni ọ̀rọ̀ yìí ti ń hó nínú mi bí omi orí iná. Bí mi ò bá sọ ọ́, màá bú gbàmù!

Ṣé ẹ rí ẹkún, ohun iyebíye ni. Èèyàn kì í kàn dà á síbi tó bá wù ú. Ṣùgbọ́n bàbá mi, ọ̀gá ilé ẹ̀kọ́ tó ti fẹ̀yìn tì, tí omi ò jáde lójú wọn lọ́jọ́ tí a sin bàbá tó bí wọn lọ́mọ, jókòó sí pálọ̀ wọn ní Iba, wọ́n ń fi etí síńgílẹ́ẹ̀tì nu ojú nítorí ọkùnrin méjì kan ní Kòríà. Kòríà o! Ibi tí wọn ò mọ ẹnì kankan, tí ẹnì kankan ò sì mọ̀ wọ́n.

Èmi náà ni mo fọwọ́ ara mi fa wàhálà wọlé. Ọ̀sẹ̀ tó ṣáájú Iléyá ni mo gba fíìmù Kòríà kan sínú fláàṣì, mo ní kí bàbá fi sinmi díẹ̀ kúrò nídìí ìròyìn tí wọ́n ń gbọ́ láàárọ̀, lọ́sàn-án, lálẹ́. Ìtàn ọmọ ìyá méjì ni. Ẹ̀gbọ́n jẹ́ apẹja létí òkun, àbúrò ń ṣiṣẹ́ ọ́fíìsì ní ìlú ńlá. Wọ́n jà níbi òkú bàbá wọn, wọn ò sì bá ara wọn sọ̀rọ̀ mọ́. Ìyá wọn wà láàárín. Lálaalẹ́ ni ìyá yìí máa ń bu ìrẹsì sí abọ́ méjì, á gbé e sórí tábìlì, á jókòó tì í. Kò sẹ́ni tó ń wá jẹ ẹ́.

Bàbá mi ò rí ìwé wínníwínní tó máa ń sáré kọjá nísàlẹ̀ tẹlifíṣọ̀n, nítorí náà èmi di ògbufọ̀.

“Kí ló wí yẹn?”

Mo ní àbúrò ní òun ò ní ẹ̀gbọ́n mọ́ láyé.

“Háà! Ọmọ ìyá ẹ! Ọmú kan náà lẹ jọ mu!” Wọ́n na ìka sí tẹlifíṣọ̀n. “Ẹ̀gbọ́n yẹn ló fà á, mo sọ fún ẹ. Wo ojú ẹ̀ bí ojú ẹja gbígbẹ. Agbéraga! Kí ló máa ná an kó pe àbúrò ẹ̀?”

Mo yíjú wò wọ́n. Mo tún wò wọ́n. Ṣé èèyàn lè máa gbọ́ ohùn ara rẹ̀ kó má dá a mọ̀?

Ẹ jẹ́ kí n ṣàlàyé. Bàbá mi ní ẹ̀gbọ́n kan ṣoṣo, ọmọ ìyá, ọmọ bàbá, tó ń gbé ní Okokomaiko. Bàbá Okoko la máa ń pè wọ́n. Bí o bá ra gúgúrú ní Iba tí o wọ kẹ̀kẹ́, o ò ní tíì jẹ ẹ́ tán tí wàá fi dé ẹnu ọ̀nà wọn. Ṣùgbọ́n láti ìgbà tí mo ti wà ní yunifásítì títí mo fi kúrò níbẹ̀, tí mo lọ́kọ, tí mo bímọ, àwọn ọkùnrin méjèèjì yìí ò kí ara wọn!

Kí ló dé? Ẹ má rẹ́rìn-ín. Níbi àdúrà ọjọ́ kẹjọ bàbá wọn, Bàbá Okoko pẹ́ dé. Ààfáà ń wo aago. Bàbá mi ní kí wọ́n bẹ̀rẹ̀. Nígbà tí Bàbá Okoko fi máa bọ́ bàtà lẹ́nu ọ̀nà, àwọn èèyàn ti ń ṣe àmín. Ó parí. Gbogbo ìjà náà nìyẹn! Kò sí ilẹ̀ níbẹ̀, kò sí ilé, kò sí obìnrin. Ọ̀kan ní wọn ò dúró de òun tí òun jẹ́ àkọ́bí. Èkejì ní ta ló ní kó pẹ́.

Ẹni tí ọ̀rọ̀ yìí ń dùn jù ni Ìyá Àgbà, ìyá tó bí àwọn méjèèjì. Ọ̀dọ̀ bàbá mi ni wọ́n ń gbé, yàrá wọn ló kọjú sí pálọ̀. Nígbà ayé bàbá àgbà, àgbò kan ṣoṣo ni wọ́n ń pa nílé wa. Àkọ́bí á di orí ẹ̀ mú, àbúrò á di ẹsẹ̀ mú. Láti ìgbà ìjà yìí, àgbò ti di méjì, ọ̀kan ní Iba, ọ̀kan ní Okoko, Ìyá Àgbà kì í sì í fẹnu kan ìkankan nínú ẹ̀. Wọ́n ní àwọn ò lè jẹ ẹran tó pín ọmọ àwọn sí méjì. Ọdún Iléyá, ẹ̀wà ni wọ́n ń jẹ! Láti ìbẹ̀rẹ̀ ọdún yìí ni ẹsẹ̀ wọn ti ń yẹ̀, tí wọ́n sì ń tẹnu mọ́ ohun kan: kí ọmọ àwọn méjèèjì jọ di àgbò kan mú ṣojú àwọn. “Kúdí,” wọ́n sọ fún mi lọ́jọ́ kan, “mi ò mọ̀ bóyá mo tún máa bá Iléyá mìíràn.”

Ó dáa. Ẹ jẹ́ ká padà sídìí fíìmù.

Nígbà tó yá, ìyá àwọn ará Kòríà kú. Àwọn ọmọ méjèèjì pàdé níbi òkú. Àbúrò dojú bolẹ̀ níwájú ẹ̀gbọ́n rẹ̀, ẹ̀gbọ́n fà á dìde, wọ́n dì mọ́ra. Bàbá mi bú sẹ́kún. “Ẹ wò ó, wọ́n ń dọ̀bálẹ̀ bíi tiwa! Wọ́n lẹ́kọ̀ọ́ ilé!”

Mo ní àsìkò ti tó. Mo fi ohùn pẹ̀lẹ́ sọ pé, “Bàbá, ó mà jọ ti ẹ̀yin àti Bàbá Okoko.”

“Ó jọ ọ́ gan-an ni!” Wọ́n dìde fùú. Inú mi dùn. Mo ti ń wá bàtà wọn kiri! “Yọ fláàṣì yẹn. Gbé e lọ fún un. Ní kó wo ìgbéraga ẹ̀gbọ́n yẹn dáadáa, kó fi ṣe àríkọ́gbọ́n.”

Ẹ gbà mí o!

Mo gbé e lọ ṣá. Ọmọ ò lè ní òun ò jẹ́ iṣẹ́ bàbá òun. Bàbá Okoko náà ti fẹ̀yìn tì lẹ́nu iṣẹ́ ìjọba ìbílẹ̀. Àwọn ni wọ́n máa ń wọ sọ́ọ̀kì nínú ilé, tí wọ́n sì máa ń pe ìpàdé lórí ẹni tó yẹ kó fọ àwo. Wọ́n gba fláàṣì náà lọ́wọ́ mi, wọ́n gbé e sókè sí iná, wọ́n yí i po, wọ́n ṣí ìdérí rẹ̀, wọ́n dé e padà.

“Láyé àwọn bàbá wa, bí èèyàn bá fi nǹkan ránṣẹ́ láì kọ ìwé sí i, àrokò ni,” ni wọ́n wí. “Èyí ní ìdérí. Lásísì bàbá ẹ ń sọ pé kí n pa ẹnu mi dé, àbí?”

Mo ní ẹ jọ̀ọ́, Bàbá, fíìmù ni.

“Fíìmù! Àbúrò ló wá ń fi fíìmù kọ́ ẹ̀gbọ́n lẹ́kọ̀ọ́ báyìí!”

Ṣùgbọ́n wọ́n wò ó. Wọ́n wò ó dópin! Èmi náà ló tún ń túmọ̀ ọ̀rọ̀ kan náà, ohùn mi ti ń ha. Níbi tí ìyá yẹn ti ń bu ìrẹsì, Bàbá Okoko fa áńkáṣíìfù yọ. Nígbà tí ìyá kú, áńkáṣíìfù ò gbà á mọ́, wọ́n fi fìlà nu ojú. Wọ́n sì yíjú sí mi, ojú pọ́n kankan.

“Ṣé o rí bí àbúrò yẹn ṣe dọ̀bálẹ̀ gbalaja? Gbé e padà fún bàbá ẹ. Sọ fún un pé kó má wulẹ̀ wo ìbẹ̀rẹ̀. Ìparí nìkan ni kó wò.”

Mo gbé e padà sí Iba. Bàbá mi ní, “Ìparí kẹ̀? Ìbẹ̀rẹ̀ ni kóun lọ wò! Padà lọ sọ fún un.”

Mi ò lọ mọ́. Mo ju fláàṣì sórí tábìlì. Inú bí mi! Àgbàlagbà méjì tó kàwé! Ọ̀kan ti lu ọmọ ọlọ́mọ lẹ́gba ní ilé ẹ̀kọ́ nítorí pé ọmọ náà ò bá ọ̀rẹ́ ẹ̀ sọ̀rọ̀. Èkejì ló ń parí ìjà láàárín onílé àti ayálégbé ní gbogbo àdúgbò, tí wọ́n ń pè é ní bàbá àlàáfíà. Omijé wà lójú àwọn méjèèjì, àánú wà nínú wọn, ṣùgbọ́n Kòríà nìkan ni gbogbo rẹ̀ ń ṣàn lọ! Ṣé ó dìgbà tí ọmọ ìyá ẹni bá kọ́ èdè tí a ò gbọ́ ká tó lè ṣàánú rẹ̀?

Ìyá Àgbà ti ń gbọ́ ariwo wa. Wọ́n pè mí wọ yàrá.

“Kí ni nǹkan tẹ́ ẹ̀ ń gbé lọ gbé bọ̀ láti àná? Èmi náà fẹ́ rí i.”

Mo gbé láptọ́ọ̀pù sórí bẹ́ẹ̀dì wọn. Wọ́n bi mí pé èwo ni àgbà, èwo ni àbúrò, mo fi hàn wọ́n. Nígbà tí ìyá ará Kòríà bu ìrẹsì, Ìyá Àgbà rẹ́rìn-ín.

“Obìnrin yìí ò gbọ́n. Ìrẹsì ọ̀hún á tutù.”

A wò ó títí a fi dé ibi òkú.

“Ìyá wọn dà?”

Mo ní ó ti kú, Ìyá.

“Àwọn ọmọ wá ń dì mọ́ra?”

Mo ní bẹ́ẹ̀ ni.

“Ó rí wọn?”

 Ìyá Àgbà gbọ́wọ́ lé ìdérí láptọ́ọ̀pù, wọ́n pa á dé fúnra wọn. Wọ́n ní kí n gbé fóònù mi wá, èyí tí mo fi ń gba ohùn ránṣẹ́. Wọ́n sún mọ́ ọn bí ẹni tó fẹ́ fẹ́ iná.

“Múfú. Lásísì. Èmi ìyá yín ni. Mo ti wo fíìmù yín. Ìyá àwọn ọmọ yẹn ní láti kú kí wọ́n tó dì mọ́ra, kò sì rí i. Èyí tí mo fẹ́ mọ̀ ni pé, ṣé èmi lẹ̀ ń dúró dè? Bó bá jẹ́ èmi ni, ẹ sọ fún mi, kí n má dá yín dúró pẹ́.”

Mo fi ránṣẹ́ sí àwọn méjèèjì. Mo rí i pé wọ́n gbọ́ ọ. Kò sẹ́ni tó fèsì. Bàbá mi wà ní pálọ̀, ògiri kan péré ló wà láàárín àwọn àti ìyá wọn, mo sì gbọ́ ohùn Ìyá Àgbà tó ń jáde látinú fóònù wọn. 

Láàárọ̀ Iléyá, a ti yídì dé. Àgbò tí bàbá mi rà ní ọjà Alaba Rago wà lórí ìso, ó ń ké. Alápatà ti pọ́n ọ̀bẹ tán. Bàbá mi jáde, wọ́n wo géètì, wọ́n ní, “Ẹ dúró ná.”

Ó dúró. Oòrùn ń gòkè. Alápatà wo aago, ó ní, “Alhaji, àwọn ilé mìíràn ń retí mi o.”

“Mo ní ẹ dúró!”

Ẹ̀yin èèyàn mi, ibẹ̀ ni ara mi ti bù máṣọ. Bàbá mi ń dúró de èèyàn! Ìyá Àgbà ti fi ọ̀pá jáde, wọ́n jókòó sórí àga lẹ́bàá ìso.

Bàbá Okoko dé. Wọ́n pẹ́, bíi tàtijọ́. Wọ́n wọ sọ́ọ̀kì. Wọn ò wo bàbá mi, èmi ni wọ́n bi pé, “Ẹ ò tíì pa á?”

Mo ní a ń dúró dè yín.

“Ta ló ní kẹ́ ẹ dúró?”

Mo ní bàbá ni.

 Bàbá Okoko ká apá aṣọ wọn sókè, wọ́n lọ di orí àgbò mú. Bàbá mi bẹ̀rẹ̀, wọ́n di ẹsẹ̀ ẹ̀yìn mú.

“Ẹsẹ̀ yẹn ń bọ́ lọ́wọ́ ẹ o, Lásísì.”

“Mo dì í mú, ẹ̀gbọ́n.”

Àbí wọ́n dì í mú! Àgbò ta wọ́n ní ìpá kan ṣoṣo, bàbá mi na gbalaja sílẹ̀ níwájú ẹ̀gbọ́n wọn.  Bàbá Okoko fi ọwọ́ kan fà wọ́n dìde, ọwọ́ kejì ò kúrò lórí ìwo. Ìyá Àgbà ní, “Àmín,” bó tilẹ̀ jẹ́ pé kò sẹ́ni tó ṣàdúrà.

Lọ́sàn-án ọjọ́ náà, Ìyá Àgbà jẹ ẹ̀dọ̀ àgbò. Wọ́n ní kí n tún bu sí i.

Ẹ rò pé ó parí bẹ́ẹ̀? Títí di òní, Bàbá Okoko ń sọ fún gbogbo èèyàn pé àbúrò àwọn wá dọ̀bálẹ̀, àwọn sì dárí jì í. Bàbá mi ń búra pé àgbò ló ta àwọn, pé àwọn ni àwọn dárí ji ẹ̀gbọ́n àwọn! Wọ́n ń bá ara wọn jiyàn lórí ẹ̀ lórí fóònù lójoojúmọ́, ohùn wọn ń dé títì. Kò sẹ́ni tó dárúkọ ìyá wọn. Kò sì sẹ́ni tó dúpẹ́ lọ́wọ́ èmi tí mo ń pààrà Okoko.

Ohun tí mo rí kọ́ ni pé ẹkún kì í ṣe àánú. Ẹni tó bá fẹ́ ṣàánú ọmọ ìyá ẹ̀, kó dìde nídìí tẹlifíṣọ̀n kó lọ dúró dè é. Ó lè pẹ́. Kó ṣì dúró.

Ta ló ní irú àwọn èèyàn yìí nílé? Ẹ kọ ọ́ sísàlẹ̀ yìí kí n rí i pé kì í ṣe èmi nìkan. Ṣùgbọ́n bó bá jẹ́ ìwọ gan-an lo ní ẹ̀gbọ́n tàbí àbúrò tí ẹ ò kí ara yín, má kọ nǹkan kan síbí. Lọ pè é. Ìrẹsì ìyá yín ń tutù.