Orúnkún Mi àti Orúnkún Títí

Mo kúnlẹ̀ gba ara Olúwa ní Ọjọ́ Ìsinmi kan, n kò sì lè dìde mọ́. Nǹkan kan ta nínú orúnkún mi ọ̀tún, ẹsẹ̀ náà sì há. Àwọn tí a jọ kúnlẹ̀ ti padà sí àyè wọn. Mo di irin iwájú pẹpẹ mú, mo di ojú, òógùn bò mí. Nígbà tí mo dìde tán, ìyá àgbà kan fọwọ́ kan èjìká mi. Ó ní, "Ọlọ́run á tù ọ́ nínú." Wọ́n rò pé ìyàwó mi tó ti kú ni mo ń gbàdúrà fún. N kò ṣàlàyé.

Oṣù méjì ni mo fi àdúrà bo ìrora mọ́lẹ̀ báyìí. Orúnkún ń wú, mo ń fi àdí pa á, mo ń pè é ní làkúrègbé. Koríko gba oko mi ní Upenmen, lẹ́bàá Ọ̀wọ̀.

Nígbà tó yá, mo lọ sí ilé ìwòsàn. Mo jókòó lórí bẹ́ǹṣì láti àárọ̀ di ọ̀sán, mo ń wo ẹsẹ̀ àwọn tó ń kọjá. Wọ́n ya àwòrán eegun mi, kò ṣẹ́. Dókítà wá tẹ ẹsẹ̀ mi, ó yí i díẹ̀, mo pariwo. Ó ní eegun rírọ̀ kan wà tó dà bí tìmùtìmù láàrin eegun itan àti ojúgun. Tèmi ló ya, àwòrán yẹn kì í sì í fi í hàn. Ìdárayá la ó kọ́kọ́ fi tọ́jú rẹ̀, kí a tó sọ̀rọ̀ iṣẹ́ abẹ. Mo bi í bóyá mo tún lè kúnlẹ̀. Ó ní, "Ó kù sọ́wọ́ yín, Bàbá."

Jámánì ni wọ́n bí Títí, ọmọ ẹ̀gbọ́n mi, sí. Ó ń gbá bọ́ọ̀lù àfọwọ́gbá, èyí tí wọ́n ń gbá kọjá lórí àwọ̀n, fún ẹgbẹ́ àwọn obìnrin ilẹ̀ náà. Orúnkún tirẹ̀ ti ya rí, kò sì gbá bọ́ọ̀lù fún odindi ọdún kan. N kò bi í rí ohun tó fi ọdún náà ṣe. Mo pè é lórí fóònù, mo bi í.

"Mo ń dìde lórí àga ni, Bàbá Ọ̀wọ̀."

"Ọdún kan gbáko?"

"Wọ́n ti fi ẹlòmíràn sí àyè mi. Mo sunkún, mo tún dìde."

Ó ní kí n gbé àga síwájú kámẹ́rà fóònù, kí èmi náà máa jókòó, kí n máa dìde.

"Ẹ má fọwọ́ tì í!"

"Ta ló fọwọ́ tì í?"

"Mò ń rí yín o. Kóòṣì mi ì bá ti lé yín."

"Kó wá lé mi dé Ọ̀wọ̀."

Ó fi fídíò eré rẹ̀ ránṣẹ́, ti àtijọ́ àti ti ìsinsìnyí. Mo wò wọ́n lọ́pọ̀ ìgbà. Tẹ́lẹ̀, ẹsẹ̀ kan ló fi ń balẹ̀ bó bá fò. Lẹ́yìn ìpalára náà, ẹsẹ̀ méjèèjì ni, orúnkún á tẹ̀, kò ní dún. Kò fò ga tó ti tẹ́lẹ̀ mọ́, ṣùgbọ́n ó wà nínú eré. Kí eré tó bẹ̀rẹ̀, ó máa ń fọwọ́ kan orúnkún náà. Mo bi í nídìí rẹ̀. Ó ní òun ń kí i ni.

Oṣù mẹ́ta ni mo fi jókòó tí mo fi dìde. Lọ́jọ́ mìíràn, mo kọ̀, n kò ṣe é. Wíwú náà rọlẹ̀ díẹ̀díẹ̀. Di òní olónìí, n kò lè lóṣòó pẹ́ lóko. Àpótí kékeré ni mo fi ń jókòó roko. Bí orúnkún rẹ bá há, má ṣe dúró fún oṣù méjì bíi tèmi.

Ní Ọjọ́ Ìsinmi tó kọjá, mo kúnlẹ̀ níwájú pẹpẹ. Àwọn yòókù dìde. Mo fọwọ́ kan orúnkún mi, mo kí i. Mo lè dìde, ṣùgbọ́n n kò tíì dìde. Àdúrà tí wọ́n ti rò pé mò ń gbà fún ìyàwó mi, ọjọ́ náà ni mo gbà á. Lẹ́yìn náà ni mo dìde, n kò di irin mú.