Ọ̀nínì Inú Àpò Àlájà

Ọdún tí mo fẹ̀yìn tì lẹ́nu iṣẹ́ tíṣà ni mo bẹ̀rẹ̀ sí í kó ọ̀nínì jọ. Àwọn ọmọ ìsinsìnyí ò mọ ọ̀nínì mọ́, àfi nínú ọ̀rọ̀ ẹnu, bí ènìyàn bá ń sọ pé òun ò ní ọ̀nínì lọ́wọ́. Owó wẹ́wẹ́ ayé òyìnbó ni. Ó funfun bíi páànù tuntun, ihò wà láàárín rẹ̀, adé ọba Gẹ̀ẹ́sì wà lójú kan, ìràwọ̀ onígun mẹ́fà wà lójú kejì. Òun ló kéré jù nínú gbogbo owó tí wọ́n ń ná nígbà náà. Mẹ́wàá rẹ̀ ló ń di kọ́bọ̀ kan. Ìyá mi fi díẹ̀ sílẹ̀ nínú agolo mílíìkì nígbà tí wọ́n kú, nílé wa ní Ìkẹ́nnẹ́. Mo kàn ń tò wọ́n lórí tábìlì ni, ọdún tẹ̀lé ọdún, bí mo ṣe máa ń to ìgò kẹ́mísìrì nílé-ìwé.

Ọmọbìnrin mi tó ń gbé nílùú òyìnbó ló kó mi sí i. Ó ní ilé-iṣẹ́ kan wà, bí ènìyàn bá fi owó àtijọ́ ránṣẹ́ sí wọn, wọ́n á yẹ̀ ẹ́ wò fínnífínní, wọ́n á fún un ní máàkì, wọ́n á sì dì í sínú ike tó mọ́ gaara, tí ọwọ́ ẹnikẹ́ni ò fi ní kàn án mọ́. Àádọ́rin ni máàkì tó ga jù. Lórí íńtánẹ́ẹ̀tì wọn, ẹni tó bá ń kó irú owó kan jọ láti ọdún àkọ́kọ́ dé ọdún ìkẹyìn á tò ó síbẹ̀, wọ́n á ro máàkì rẹ̀ pọ̀, wọ́n á sì fún un ní ipò láàárín àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ káàkiri ayé. Èmi tí mo fi gbogbo ọjọ́ ayé mi fún ọmọ ọlọ́mọ ní máàkì, èmi náà wá di ẹni tí wọ́n ń fún ní máàkì. Ó dùn mọ́ mi ju bó ṣe yẹ lọ.

Ìsàlẹ̀ pátápátá ni mo ti bẹ̀rẹ̀. Mo lọ sí Ìpẹ̀rú, mo lọ sí Òde Rẹ́mọ, ibikíbi tí wọ́n bá ti sọ pé àgbà kan ní owó ayé àtijọ́ nínú àpótí. Èyí tó pọ̀ jù nínú ohun tí mo ń rí ti gbó, ìràwọ̀ ojú rẹ̀ ti fẹ́rẹ̀ẹ́ parẹ́, tàbí kí okùn tí wọ́n fi sín in ti jẹ ihò rẹ̀. Ṣùgbọ́n lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan mo máa ń rí èyí tó dára, ọmọ mi á sì kó o lọ bó bá wá kí mi lọ́dún Kérésì. Díẹ̀díẹ̀ ni mò ń gòkè, títí mo fi di ẹni kejì.

Ọkùnrin kan ni ẹni kìíní, ní orílẹ̀-èdè kan tí mi ò dé rí. Mi ò mọ ojú rẹ̀, owó rẹ̀ nìkan ni mo mọ̀. Ọ̀nínì kan ṣoṣo ló là wá láàárín. Ó ní ọdún kan tí wọ́n tẹ lẹ́tà kékeré kan sábẹ́ ìràwọ̀ lára díẹ̀ nínú wọn. Ọkùnrin yẹn ní in, èmi ò ní in. Lójú ìwé tèmi, àmì róbótó kan tó dà bí eérú ló wà níbi tó yẹ kí ó wà. Bí mo bá ti gbàdúrà àárọ̀ tán, mo máa ń ṣí fóònù mi wò ó, bíi pé ó lè ti kún lójú oorun.

Ọkùnrin kan tá a jọ ṣiṣẹ́ tíṣà, ọmọ Ṣàgámù, ló gbọ́ ìráhùn mi lọ́jọ́ kan. Ó ní, "Ìyá mi ní àpò ọ̀nínì kan nínú ilé obì wọn. Bàbá wọn ló gbà á ní báǹkì nígbà náà, wọn ò tú u rí láti ọjọ́ náà."

A jọ lọ ni. Àwọn obìnrin jókòó sí àgbàlá, wọ́n ń bó obì, òórùn èèpo obì tó ti rẹ sómi gba gbogbo ibẹ̀, ewé gbòdógì tí wọ́n fi ń di obì wà nílẹ̀ lókìtì-lókìtì. Àlájà, ìyá ọ̀rẹ́ mi, jókòó lórí àpótí lẹ́bàá ògiri, wọ́n ń fi ọsàn wẹ́wẹ́ àti eérú fọ àwo idẹ kan nínú abọ́. Àgbàlagbà ni wọ́n, etí wọn ti ń wúwo, ṣùgbọ́n ojú wọn ṣì dá. Mo kúnlẹ̀ kí wọn, ọmọ wọn sì pariwo sí wọn létí pé mo fẹ́ fi ọ̀nínì ránṣẹ́ sílùú òyìnbó láti fi du ipò kìíní. Ọmọ wọn gbé àpò náà jáde, ó tẹ́ aṣọ funfun sílẹ̀, ó já okùn ẹnu rẹ̀, ó sì dà á. Lẹ́yìn náà ó lọ wá ohun tí àlejò máa mu.

Mi ò rí irú rẹ̀ rí. Ọ̀nínì tí ọwọ́ ò ná, tó ṣì ń dán bí ọjọ́ tí wọ́n rọ ọ́. Mo yọ awò mi, mo ń yẹ̀ wọ́n wò níkọ̀ọ̀kan. Ó kù díẹ̀ kí n parí kí n tó rí i. Ọdún yẹn gan-an ni, lẹ́tà kékeré náà sì wà lábẹ́ ìràwọ̀. Àwọ̀ wúrà fẹ́ẹ́rẹ́ kan ti bo ojú rẹ̀, irú èyí tí ọjọ́ pípẹ́ nìkan ń fún irin, tí àwọn tó ń fúnni ní máàkì sì fẹ́ràn gidigidi. Mo gbé e sókè sí ìmọ́lẹ̀.

"Èwo lo rí?" Àlájà na ọwọ́ sí mi.

Ta ni àgbà á na ọwọ́ sí tí kò ní fún un? Mo gbé e lé àtẹ́lẹwọ́ wọn. Wọ́n gbé e súnmọ́ ojú, wọ́n yí i síwá sẹ́yìn.

"Ó ti dọ̀tí," wọ́n ní, wọ́n sì jù ú sínú abọ́ ọsàn.

"Àlájà, ẹ jọ̀ọ́, ẹ fi í sílẹ̀ bó ṣe wà yẹn, mà."

"Kí lo wí?"

"Mo ní kí ẹ má fọ̀ ọ́, mà."

"Mò ń fọ̀ ọ́. Fara balẹ̀."

Wọ́n fi àtàǹpàkò bu eérú, wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í ra á. Kẹ́mísìrì ni mo fi gbogbo ayé mi kọ́ ọmọ. Mo mọ ohun tí omi kíkan ń fi ojú irin ṣe, mo sì mọ ohun tí eérú ń ṣe lẹ́yìn náà. Mo na ọwọ́ mi, ó dé agbedeméjì, ó dúró síbẹ̀. Èmi kọ́ ni mo máa já nǹkan gbà lọ́wọ́ ìyá àgbà nínú ilé wọn, ohun tí í ṣe tiwọn, tí wọ́n ń fi ìfẹ́ tọ́jú fún mi. Mo ń wo àtàǹpàkò yẹn bó ṣe ń lọ tó ń bọ̀. Wọ́n ṣan án, wọ́n fi etí ìró wọn nù ún, wọ́n fún mi. Ó ń dán bíi ṣíbí tuntun.

"Báyìí ló yẹ kó lọ sílùú òyìnbó," wọ́n ní. "Mi ò gba nǹkan kan lọ́wọ́ rẹ o. Ṣáà wá sọ ipò tá a mú fún mi."

Mo kúnlẹ̀, mo dúpẹ́. Kò sí òmíràn tó ní lẹ́tà yẹn nínú àpò náà.

Nínú takisí tó ń gbé mi padà sí Ìkẹ́nnẹ́, mo gbé e sí oòrùn lójú wíńdò. Ìlà tín-ín-tìn-ìn-tín ti kún ojú rẹ̀ bí ìgbà tí ológbò fi èékánná ya nǹkan. Síbẹ̀ mo fún ọmọ mi nígbà tó dé. Mo ń sọ lọ́kàn mi pé bóyá á ti rẹ ẹni tó máa yẹ̀ ẹ́ wò, bóyá iná ibẹ̀ ò ní mọ́lẹ̀ púpọ̀. Oṣù ń gorí oṣù. Ọ̀rẹ́ mi máa ń pè mí pé, "Ìyá ní kí n bi yín, ṣé èsì ti jáde?" Mo máa ń ní kò tíì jáde, òótọ́ sì ni.

Ọ̀sán ọjọ́ kan ni ọmọ mi pè. "Mọ́mì, wọn ò fún un ní máàkì."

"Òdo ni wọ́n fún un?"

"Rárá, mà. Wọ́n dì í sínú ike, àmọ́ wọ́n kọ ọ́ síbẹ̀ pé wọ́n ti fọ̀ ọ́. Kò sí máàkì rárá. Wọn ò ní gbà á sí ojú ìwé yín."

Mo béèrè bóyá a lè bẹ̀ wọ́n. Ó ní kò sí ẹni tí a fẹ́ bẹ̀.

Nígbà tí mo padà lọ sí Ṣàgámù, ẹsẹ̀ ti ń dun Àlájà, orí ibùsùn ni wọ́n wà. Mo ti pinnu lọ́nà pé màá ní a gba ipò kejì, kí n fi í síbẹ̀. Ṣùgbọ́n wọ́n di ọwọ́ mi mú, wọ́n ń wo ẹnu mi nítorí etí wọn, mi ò sì lè parọ́ sí ojú yẹn. Mo sọ ọ́ bó ṣe rí, mo sì gbé ohùn sókè kí wọ́n lè gbọ́.

"Ìwọ rí i tí mò ń fọ̀ ọ́," wọ́n ní, "o ò sì sọ̀rọ̀."

"Mo sọ̀rọ̀, mà."

"O sọ ọ́ jẹ́jẹ́."

"Bẹ́ẹ̀ ni, mà."

"Kò sí ohun tí ẹ lè fi sí i kó padà sí bó ṣe wà?"

"Kò sí, mà."

Wọ́n tú ọwọ́ mi sílẹ̀, wọ́n wá ń wo àtàǹpàkò tiwọn. Nígbà tí mo dìde, wọ́n ní kí àwọn obìnrin di obì fún mi. Mi ò kì í jẹ obì, ṣùgbọ́n mo gbà á.

Mi ò tún rí ọ̀nínì onílẹ́tà yẹn mọ́, mi ò sì mọ ilé tí mo tún lè kàn sí. Lọ́sẹ̀ tó kọjá, ẹnì kan tí n kò gbọ́ orúkọ rẹ̀ rí dé orí íńtánẹ́ẹ̀tì náà, ó kó tirẹ̀ pé pérépéré lẹ́ẹ̀kan náà. Mo ṣí fóònù láàárọ̀, mo ti di ẹni kẹta.