Ìfura Mátírọ́ọ̀nù Oyèníran

Títí dòní, bí àwọn nọ́ọ̀sì ilé ìwòsàn kékeré kan ní Ẹ̀gbẹ́dá bá jókòó pọ̀, ọjọ́ tí Mátírọ́ọ̀nù Oyèníran, olóògbé, yẹ olùkọ́ wò ni wọ́n kọ́kọ́ máa ń sọ. Báyọ̀dé ni olùkọ́ náà. Ó wá kọ́ wọn bí wọ́n ṣe lè tètè dá ọ́tísíìmù, ìyàtọ̀ ọpọlọ tí kì í jẹ́ kí ọmọ bá èèyàn ṣe bí ẹgbẹ́ rẹ̀, mọ̀ lára ọmọdé: ṣé ọmọ ń wojú ìyá rẹ̀, ṣé ó ń nawọ́ sí ohun tó wù ú, ṣé ó ń bojú wẹ̀yìn bí wọ́n bá pe orúkọ rẹ̀. Nígbà tó sinmi díẹ̀, tó ń tẹ fóònù, Mátírọ́ọ̀nù pè é lẹ́ẹ̀mẹ́ta. Kò gbórí sókè. Màmá, bí gbogbo wọn ṣe ń pè é, fi bírò sàmì sí fọ́ọ̀mù ogún ìbéèrè tó pín fún wọn, ó ní, "Ọ̀gbẹ́ni Báyọ̀dé, tó bá di Ọjọ́bọ̀, ẹ mú ìyá yín wá."

Báyọ̀dé bá wọn rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n inú rẹ̀ ò dùn. Láti àárọ̀ ni obìnrin yìí ti ń fura sí i. Ó bi í ní ìdí tí wọ́n fi ń pín oúnjẹ ọ̀fẹ́, ó sì tú ẹran inú ìrẹsì wò kó tó jẹ ẹ́.

"Ìfura loògùn àgbà," ló ń wí. "Ọmọ ọdún kan ààbọ̀, ogún ìbéèrè! Ta ló rán yín gan-an?"

Lóṣù kejì, Báyọ̀dé padà wá yẹ iṣẹ́ wọn wò. Àwọn nọ́ọ̀sì yòókù ti kọ orúkọ ọmọ rẹpẹtẹ sílẹ̀ pé wọn ò dáhùn bí wọ́n bá pe orúkọ wọn. Ìwé Mátírọ́ọ̀nù nìkan ló ṣófo.

"Mi ò gbà á gbọ́," ó ní. Ó tọ́ka sí ọmọ kan tó ń jẹ bàtà rọ́bà lórí ẹní. "Ẹ pè é bó ṣe wà nínú káàdì."

"Abdulganiyy!" ni Báyọ̀dé pè. Ọmọ ń jẹ bàtà lọ.

Mátírọ́ọ̀nù kọjú sí ìyá ọmọ náà. "Kí lẹ ń pè é nílé?"

"Àlàó ni ìyá mi ń pè é, mà."

"Àlàó!" Kíá lọmọ yíjú, ó bú sẹ́rìn-ín. Báyọ̀dé kọ ọ́ sínú ìwé rẹ̀ pé oríkì ni kí wọ́n kọ́kọ́ bèèrè. Ó dùn ún pé òótọ́ ni Mátírọ́ọ̀nù ń sọ.

Lọ́jọ́ yẹn náà ni Àdíját, aránṣọ kan ní Akówọnjó, gbé Raheem ọmọ rẹ̀ wá gba abẹ́rẹ́. Ìyá ọkọ rẹ̀ bá a wá. Mátírọ́ọ̀nù pe Raheem, ó pe Àkànní, ó pàtẹ́wọ́, ó tún gbó bí ajá. Ọmọ ń yí ìdérí ìgò lọ, kò wo ẹnikẹ́ni. Màmá fa fọ́ọ̀mù kan yọ.

"Àwọn ọkùnrin ilé wa kì í tètè sọ̀rọ̀," ni ìyá ọkọ wí.

"Mi ò bèèrè ọ̀rọ̀ sísọ, màmá. Ṣé ó ń wojú yín?"

"Ẹ má sọ ọmọ lórúkọ burúkú, jàre!"

Mátírọ́ọ̀nù kọ lẹ́tà fún wọn lọ sí ilé ìwòsàn ńlá, ṣùgbọ́n kò gbà pé wọn á lọ. Ó ń gbé síkẹ́ẹ̀tì kan náà lọ sí ṣọ́ọ̀bù Àdíját ní Sátidé Sátidé pé kó bá òun gé e kúrú, kó lè rí ọmọ. Nígbà kẹrin, síkẹ́ẹ̀tì ti fẹ́rẹ̀ẹ́ di ti ọmọ ilé ìwé, lẹ́tà ṣì wà lábẹ́ bẹ́ẹ̀dì ìyá ọkọ. Màmá bá pọn Raheem, ó forí lé ibi tí wọ́n ti ń wọkọ̀ lọ sí ilé ìwòsàn ńlá.

"Ẹ máa bọ̀ o," ó pe Àdíját, "àbí ẹ fẹ́ kí wọ́n ní mo jí ọmọ gbé ni?"

Àwọn dókítà ní ọ́tísíìmù ni lóòótọ́. Raheem ò tíì pé ọdún méjì tó fi bẹ̀rẹ̀ ẹ̀kọ́ àkànṣe tí wọ́n fi ń ran irú ọmọ bẹ́ẹ̀ lọ́wọ́.

Mátírọ́ọ̀nù kú lọ́dún tó kọjá. Níbi àdúrà ọjọ́ kẹjọ rẹ̀, wọ́n ń sọ ìtàn, wọ́n ń rẹ́rìn-ín títí omi fi ń bọ́ lójú wọn. Ẹ̀gbẹ́ Báyọ̀dé ni Àdíját mú Raheem jókòó sí, kò rẹ́rìn-ín.

"Ó ti pẹ́ tí mo ti ń pariwo pé ọmọ mi kì í wojú mi," ó ní. "Ọkọ mi ní irọ́ ni. Ìyá ọkọ mi ní irọ́ ni. Màmá tí kì í gba ẹnikẹ́ni gbọ́ yìí, òun nìkan ló gbà mí gbọ́."

Báyọ̀dé gbé Raheem lé itan, ó sì bá wọn ṣe àmín.